Ọ̀sẹ̀ tí Wọ́n Fẹ́ Já Wálíù Lẹ́nu Ọmú

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kùtọ̀nú pè mí lórí pọ̀tábù lánàá, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí ní ẹrù. Ó ní kọ̀ǹjé, ìsinmi ìbímọ tí ibi iṣẹ́ fún òun, ti tán, ọmọ kò sì fẹ́ fi ọmú sílẹ̀. Ó ní òun ti ka gbogbo ohun tí àwọn dókítà kọ sínú pọ̀tábù, òun ti ṣe é bí wọ́n ṣe wí, síbẹ̀ ọmọ náà ń fa aṣọ òun láyà bí olè tó ń já ilẹ̀kùn. "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tiyín?" Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi bínú. Mo ní màá pè é padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, iṣu mi sì wà lórí iná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, ní tòótọ́, kò yẹ kó bi ẹnikẹ́ni nínú ilé tí wọ́n ti bí mi. Ní Ìfọ̀nyìn níbí, tí àwọn oníwèé ń kọ sí Ifangni, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún kan lórí Wálíù àbúrò mi. Gbogbo ọgbọ́n tí àgbà ní ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Wálíù wà níbi tó wà. Èmi ni wọ́n já kúrò nílé ìwé kí n tó dé ibẹ̀.

Ilé wa nígbà náà kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá lẹ́yìn ilé á ti máa wúkọ́. Bàbá mi ń wa sémì, alùpùpù tó ń kó èrò lọ sí Ìgólò lẹ́bàá bọ́dà, tirẹ̀ kì í sì í dáhùn àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó bú u lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi á máa ṣa ata rodo sínú apẹ̀rẹ̀, á máa sín. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákò lẹ́nu, á máa bá gbogbo wa wí lọ́kọ̀ọ̀kan láìyọ pákò náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákò ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde, kò sì sí èyí tí a kì í gbọ́ nínú ẹ̀. Èmi gbálẹ̀, èmi pọn omi, èmi da ìdọ̀tí nù. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà á wẹ Wálíù, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, á tẹ́ ọmọ lé e, á da omi gbígbóná sí i lára, á fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú bó o bí ìkòkò tí ọbẹ̀ jó mọ́ nídìí. Á fà á lápá, á fà á lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè, á hán an, á tún jù ú. Wálíù á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà sí òkèèrè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi àdí pa á lára tán, tí wọ́n gbé e fún mi, tó ń dán, tó ń ta sánsán, tó fi orí sí mi lọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é rí, màá dárí jì í gbogbo ohun tó ṣe mí lánàá. Ọmọ mi ti Kùtọ̀nú, ike kan ló ń fi wẹ ọmọ, ó ní nǹkan kan tó máa ń kì bọ omi láti mọ̀ bó ṣe gbóná tó. Mo bi í pé nígbà tí nǹkan náà kò bá sí ńkọ́, ó ní òun á fi ìgúnpá wò ó. Mo ní, ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé.

Ẹ̀yìn mi ni àga Wálíù lọ́dún náà. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìdí rẹ̀ sì ti ń kan orókún mi lẹ́yìn. Ìyá mi ń ta ata ní ọjà Ìgólò, ọmọ tó bá ṣì ń mu ọmú kò lè jìnnà sí ìyá rẹ̀, ọwọ́ tó ń wọn ata kò sì ṣe é fi gbé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń lọ sí Ìgólò lójoojúmọ́, tí mò ń pọn ọn kiri láàárín àwọn tó ń ta ẹja àti àwọn tó ń ta gàrí, tí mo bá gbọ́ "Ràfíá!" màá sáré gbé e lọ kó lọ mu tirẹ̀. Bàbá mi ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ nílé ìwé. Dìrẹ́kítọ̀, ọ̀gá ilé ìwé náà, ti wí fún un pé mo ti ń dàgbà jù fún kíláàsì àkọ́kọ́, pé bí n kò bá sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á fi ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́, ó gbé pákò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dá ẹjọ́ náà. Ó ní, "Ọjọ́ tí Wálíù bá fi ọmú sílẹ̀, yóò dúró tì mí nílé níbí, Ràfíá yóò lọ sílé ìwé. Bí kò bá fi sílẹ̀, Ràfíá ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ìgólò nìyẹn. Èmi ò ní ọmú tí mo fẹ́ fún un, tèmi ti gbẹ kí wọ́n tó bí ìdajì nínú yín." Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé. Mo mú èédú, mo fa ilà sí ara ògiri ilé ìdáná, ilà kan fún ọjọ́ kan, kí n lè máa pa wọ́n rẹ́.

Wálíù ti lé ní ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń lé adìẹ, ó ti ń sọ̀rọ̀. Kì í sunkún fún ọmú mọ́, àṣẹ ló ń pa. Á wá síwájú ìyá mi níbi tó ti ń ta ọjà, á ní, "Ìyá, jókòó." Àwọn oníbàárà á máa wò ó. Ewúro ni wọ́n kọ́kọ́ fi pa ìyá mi lọ́mú. Wálíù tọ́ ọ wò, ó yọ ahọ́n sí i, ó fa etí ìró mi, ó fi nù ún mọ́ tónítóní, ó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n po èédú mọ́ epo, wọ́n fi kun àyà ìyá mi, ìyá mi fajú ro, ó ní, "Wálíù, wò ó, iná ti jó o." Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó tẹ orí síbẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, fúù, fúù, ó fi ọwọ́ pa á díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Bàbá mi tó ń tún alùpùpù ṣe jù sípánà sílẹ̀, ó di ikùn mú. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ fi orúkọ èyí náà sílẹ̀ nílé ìwé, lóyà ni." Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ata sí i. Ìyá mi ní ata tí òun ń tà fún ará Nàìjíríà kò ní í wọ àyà òun, ẹni tó bá dá a lójú kó fi sí ara tirẹ̀ kọ́kọ́.

Níhìn-ín, ọmọ tó bá ṣorí kunkun báyìí, wọ́n máa ń gbé e kúrò nílé kó má bàa máa gbóòórùn ìyá rẹ̀. Ilé ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n tiwa wà ní òdìkejì bọ́dà, ara rẹ̀ kò sì yá. Lódìkejì ọ̀nà ilé wa ni Ìyá Àlíìsì ń gbé, aránṣọ ni, ọmọbìnrin tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni àwa ń lọ, èyí sì dára púpọ̀ nítorí pé a máa ń jẹ ọdún lẹ́ẹ̀mejì. Àlíìsì ni àkọ́bí rẹ̀, ó fi oṣù kan péré ju Wálíù lọ, òun náà lẹ̀ mọ́ ọmú bí ẹ̀pà mọ́ èèpo. Ìyá Àgbà ló ronú kàn án. Ó pe àwọn obìnrin méjèèjì, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ọmọ fún ọjọ́ méje. "Bí ọmọ bá rí ọmú tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀," ó ní, "ojú á tì í, kò ní béèrè."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin ò mọ Wálíù, Ìyá."

"Mo mọ bàbá rẹ̀."

Bàbá mi gbé alùpùpù, ó jáde.

Wọ́n pààrọ̀ wọn lójú ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bí ẹni pààrọ̀ abọ́. Ìyá mi di aṣọ Wálíù, Ìyá Àlíìsì di ti ọmọ rẹ̀. "Ìyá Ràfíá, ẹ jọ̀ọ́, kì í jẹ ẹ̀kọ tó bá ti tutù." "Tèmi á jẹ ohunkóhun tí o bá gbé síwájú rẹ̀, pàápàá ohun tí o kò gbé síwájú rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú àwọn méjèèjì sì ti pọ́n. Wọ́n ní kí èmi bá Wálíù lọ, nítorí ẹ̀yìn mi ni kò ní í ṣàjèjì sí i. Ìyá mi kò ní í lọ sí Ìgólò lọ́sẹ̀ náà, ata ló fẹ́ sá nílé.

Ọjọ́ kìíní, Wálíù sunkún láti àárọ̀ títí tí ohùn rẹ̀ fi ha. Ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àlíìsì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan kí ariwo ẹ̀rọ lè bo ariwo ọmọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé iwájú bùbá rẹ̀ ti tutù rinrin. Gbogbo ìgbà tí Wálíù bá ké ni omi náà ń fẹ̀ sí i. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Ràfíá, lọ bá mi wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀." Mo lọ. Ewúrẹ́ kan ló ń bọ̀. Nígbà tí mo padà, ẹ̀rọ dákẹ́, Wálíù dákẹ́, gbogbo ilé dákẹ́ bí ìgbà tí òjò dá.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ni," ó ní, kò wò mí lójú. "Àyà ń dùn mí, ọmọ ń sunkún, kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe? Bọ̀ọ́n, ó dáa. O ò rí nǹkan kan, àbí?"

"Kí ni mo rí, Ìyá Àlíìsì?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ dáadáa." Ó na ọwọ́ sínú agolo tó ń kó bọ̀ǹbọ́ọ̀n sí fún àwọn ọmọ oníbàárà rẹ̀, ó yọ pupa kan fún mi. Títí di òní, tí mo bá rí bọ̀ǹbọ́ọ̀n pupa, ẹnu mi máa ń pa dé fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà di àárọ̀ kan, ọ̀sán kan, ìrọ̀lẹ́ kan lójoojúmọ́, mo sì ń lọ wo ewúrẹ́ lójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà náà.

Ọjọ́ kẹta, Ìyá Àlíìsì ní kí n lọ mú kọ́ọ̀pù Wálíù wá nílé. Ìyá Àgbà ti lọ kí aláìsàn kan. Ilẹ̀kùn yàrá tí ata wà ni wọ́n tì, ọ̀sán gangan, nínú ooru. Mo tì í ṣí. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn àpò ata, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, Àlíìsì sì wà láyà rẹ̀, ó ti di ọmú mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń mu omi nínú igbá.

"Kí lo wá ṣe?" ìyá mi ní.

"Mo wá mú kọ́ọ̀pù Wálíù."

"Ó wà nínú agbọ̀n."

Mo mú un. Mo ti fẹ́ jáde.

"Ràfíá."

"Mà."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni. Mi ò lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sunkún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni màá sọ fún ìyá rẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò ní í bínú. Ó gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta tó gbóná, tó fi ewé wé. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Lọ́dọ̀ ẹni kìíní bọ̀ǹbọ́ọ̀n, lọ́dọ̀ ẹni kejì àkàrà, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé mò ń jẹ ti èkejì. Ọlọ́jà ni mo jẹ́ lónìí, mo ti ta ọṣẹ, mo ti ta ṣúgà, mo ti ta tòmátì alágolo fún ará bọ́dà méjèèjì, n kò rí ọjà tó yá mi lọ́wọ́ báyẹn mọ́. Ìyá Àlíìsì tiẹ̀ tún fi ìyókù aṣọ oníbàárà rán kaakí ilé ìwé fún mi, ó rán bọ́tìnì mẹ́fà sí i. Mo wọ̀ ọ́, mo yí po, Wálíù fi ọwọ́ kan bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ ṣì ní wàrà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta náà, Ìyá Àgbà pè mí wá jẹun nílé. Gàrí àti ọbẹ̀ ẹja ni. Ìyá mi ló ń bu ọbẹ̀. Ìyá Àgbà wò mí, ó ní, "Ràfíá, ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dúró lójú kan. Láti ìjẹta o ò mú ìròyìn kankan wá fún mi. Ṣé ó ń lọ dáadáa lọ́hùn-ún?"

Mo ní bọ̀ǹbọ́ọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí òun ṣe máa ń ṣe pákò rẹ̀.

"Ó ń lọ dáadáa, Ìyá Àgbà."

"Kò béèrè?"

"Kò béèrè."

Àti pé òótọ́ ni, Wálíù kò béèrè, wọn kì í jẹ́ kó béèrè kí wọ́n tó fún un. Ṣíbí ìyá mi dúró lórí ìkòkò. Ó wò mí, ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n tún un sọ. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ ni. Mo jẹ gàrí mi tán, mo lọ sílé ìdáná, mo pa ilà ọjọ́ náà rẹ́ lára ògiri, inú mi dùn. Mo rò pé bí ilà bá ti tán, ilé ìwé dé nìyẹn. Pé ohun tí mo gbà jẹ lọ́sàn-án ló ń gba ilé ìwé náà lọ́wọ́ mi, ìṣirò nìyẹn, wọn kò tíì kọ́ mi ní ìṣirò.

Ọjọ́ keje, wọ́n pe gbogbo wa sí àgbàlá wa. Ìyá Àgbà yọ gèlè tuntun síta. Ọkọ Ìyá Àlíìsì wá, bàbá mi wá, àwọn obìnrin tó ń rin gbágùúdá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ wá. Ìyá Àlíìsì gbé Wálíù dé, ìyá mi gbé Àlíìsì jáde, àwọn ọmọ méjèèjì sanra bí ọmọ ọlọ́rọ̀, ara wọn ń dán. Ìyá Àgbà bi ìyá mi léèrè, ìyá mi ní ọmọ náà kò mu ohunkóhun ju ẹ̀kọ lọ. Ó bi Ìyá Àlíìsì, òun náà ní ẹ̀kọ àti omi ni. "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí," Ìyá Àgbà ní. "Ojú tì wọ́n. Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kí olúkúlùkù lọ bá ìyá rẹ̀."

Wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Wálíù dúró láàárín àgbàlá. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó jùwọ́ sí i bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí Ìyá Àlíìsì, ó fa ìró rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Ìyá Àlíìsì, jókòó." Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, Àlíìsì ti sáré gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá, ó ti gun ẹsẹ̀ ìyá mi, ó ń tú bọ́tìnì bùbá rẹ̀. Ó mọ ibi tí bọ́tìnì wà.

Ìyá mi wo Ìyá Àlíìsì. Ìyá Àlíìsì wo ìyá mi. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bínú síra wọn, mo rí i, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gba ẹni kìíní, ó gba èkejì, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ìyá Àgbà yọ pákò kúrò lẹ́nu, ohun tí a kò rí rí. Ó ní, "Ọmú méjì méjì ni wọ́n ní nígbà tí mo rán wọn lọ. Wọ́n ti di ọlọ́mú mẹ́rin." Lẹ́yìn náà ó bojú wò mí. "Ìwọ tó ń lọ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Mo wo ilẹ̀. Àlùfáà àdúgbò tiẹ̀ wá ní ọjọ́ kejì láti ṣàlàyé pé àwọn ọmọ náà ti di ọmọ ìyá nípa wàrà, pé wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn láéláé. Bàbá mi ní àlùfáà ṣeun, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmú sílẹ̀ ná.

Ilé ìwé wọlé. Mo kọ̀ láti bọ́ kaakí náà, mo wọ̀ ọ́ lọ sí Ìgólò, bọ́tìnì mẹ́fà, Wálíù lẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́ja ń kí mi ní "Mètírẹ́sì, olùkọ́ wa, ẹ káàárọ̀ o, àwọn ọmọ ilé ìwé yín ńkọ́?" Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì ti tọ̀ sí mi lára. Lọ́sẹ̀ kejì, dìrẹ́kítọ̀ fi ẹlòmíràn sí àyè mi. Ẹ sì wá gbọ́ bí Wálíù ṣe fi ọmú sílẹ̀. Ewúrẹ́ ọ̀nà yẹn bímọ nígbà ọyẹ́, Wálíù ń lé ọmọ ewúrẹ́ kiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó gbàgbé. Ó gbàgbé, bẹ́ẹ̀ lásán. Ọdún kejì ni wọ́n tó rí àyè fún mi, mo ga ju gbogbo kíláàsì lọ, wọ́n fi mí sẹ́yìn kí n má bàa bo pátákó, n kò sì pẹ́ níbẹ̀ kí ọjà tó tún pè mí. Wálíù ni dìrẹ́kítọ̀ báyìí, ní ilé ìwé kan lápá Tchaada. Ó máa ń ṣe àtúnṣe sí bí mo ṣe ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi. Mo máa ń wò ó, màá ní, "Dìrẹ́kítọ̀, jókòó."

Ìyá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Eyín rẹ̀ ti lọ, bọ̀ǹbọ́ọ̀n ló ń lá kiri. Nígbà tí mo gbé pọ̀tábù sílẹ̀ lánàá, mo jókòó tì í, mo bi í léèrè ohun tí n kò bi í rí. Mo ní, "Ìyá, lọ́dún tí ẹ pààrọ̀ Wálíù, ṣé ẹ mọ̀ pé n kò ní í rí ilé ìwé wọ̀ bí ó bá ń mu ọmú lọ́hùn-ún?"

"N kò mọ̀ pé ó ń mu lọ́hùn-ún. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo mọ̀ pé ó ń mu lọ́dọ̀ mi." Ó yí bọ̀ǹbọ́ọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí o sọ ọ́, kí wọ́n bá mi wí, kí ó tán. Mo ní ọmọ yìí, kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti tú u. Ìwọ tí o sọ fún un pé èmi ni mo fọ́ àwo rẹ̀. Ìwọ tí o sọ fún un iye tí mo ra aṣọ ọdún. Nígbà tó bi ọ́ nídìí ọbẹ̀, mo ní, ó yá, Ọlọ́run ṣeun." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ láyé rẹ, Ràfíá. Ọjọ́ náà ni o pa ẹnu mọ́."

Ó na bọ̀ǹbọ́ọ̀n kan sí mi, pupa. Mo gbà á, mo fi sínú àpò. Mo mú pọ̀tábù, mo pe ọmọ mi.